Ẹni Tó Gbé Agbọ̀n Rù Mí

Ẹni tó kọ́kọ́ wá kí mi nígbà tí mo ti ilé ìwòsàn Ìbàdàn dé wo orí ibùsùn mi, ó wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ aṣọ tí mo fi bora, ó wá bi mí pé, "Ọmọ ọ̀hún dà?" Mo ní kò sí ọmọ kankan. Ó káwọ́ lérí. Mo ní kó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kú. Wọn ò gbé ọmọ jáde nínú mi, ilé tí ọmọ ń gbé gan-an ni wọ́n gbé jáde. Ó tún káwọ́ lérí padà.

Bí ẹnu mi ṣe rí nìyẹn. Ìyá tó bí mi ti sọ láti kékeré pé ẹnu yìí máa kó mi sí wàhálà, ó sì kó mi sí i lóòótọ́. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, gbogbo Fìdítì ti gbọ́ pé wọ́n ti yọ ilé ọmọ nínú Ìyá Ọlọ́sàn.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún ni. Mo ti lé lógójì ọdún. Mo ti bí ọmọ mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà láyé, àbíkẹ́yìn wọn ò ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ọsàn ni mò ń tà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́sàn. Láàárọ̀, mo máa ń gba ọ̀nà Akínmọ̀rìn lọ sí oko bàbá kan tó ní ọsàn púpọ̀. A ó ká a, n ó ṣà á, n ó tò ó sínú agbọ̀n, n ó sì rù ú wá sí etí títì ní Fìdítì, níbi tí mọ́tò tó ń lọ sí Ìbàdàn àti èyí tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ ti máa ń dúró. Ìrìn bíi máìlì méjì ni. Ọrùn mi nípọn, èjìká mi gbòòrò, inú mi sì máa ń dùn sí i. Àwọn obìnrin kan ń fi aṣọ ṣe fáàrí, agbọ̀n ni mo fi ń ṣe tèmi.

Ọdún méjì ni ara mi fi ń ṣe ségesège kí n tó gbà láti lọ sí Ìbàdàn. Nǹkan oṣù tí í lo ọjọ́ mẹ́rin di ti ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tó yá ó di ti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń di aṣọ mẹ́ta léra, mo ń jókòó sórí àpò kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tó ń ṣe mí. Tí mo bá dìde, ojú mi á ṣú. Lọ́jọ́ tí mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tòun ti agbọ̀n, tí ọsàn yí lọ sábẹ́ bọ́lẹ́kájà, ọkọ mi ò bi mí léèrè mọ́, ó kó aṣọ mi sínú báàgì.

Dókítà tẹ ikùn mi títí, ó ní kókó ló kún inú ilé ọmọ mi, pé àwọn mìíràn tóbi tó ọsàn. Mo ní, "Dókítà, ta ló sọ iṣẹ́ mi fún yín?" Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi yọ awò ojú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó kù lára mi ò pọ̀, bí wọn ò bá yọ ilé ọmọ náà, ó máa pa mí. Wọ́n gbé ìwé fún ọkọ mi kó fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ yọ ọ́. Ẹ ṣáà dá ìyàwó mi padà fún mi." Mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tó bá mú mi bínú, mo sì máa ń dárí jì í.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá mi sílẹ̀, nọ́ọ̀sì kan dúró lé mi lórí, ó ní fún oṣù mẹ́ta gbáko, mi ò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tó bá wúwo ju kẹ́tùlù omi kan lọ. Mi ò gbọdọ̀ gún iyán, mi ò gbọdọ̀ fa omi, mi ò gbọdọ̀ ru ẹrù. Mo bi í pé kẹ́tùlù ńlá ni àbí kékeré. Ó kọjú sí ibùsùn tó kàn.

Ìyá ọkọ mi ló gba ìtọ́jú mi ṣe. Obìnrin kúkurú ni, tó máa ń yára rìn bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Ìtọ́jú kan ṣoṣo ló mọ̀ fún obìnrin tó ti ilé ìwòsàn dé tó ń di ikùn mú, ìtọ́jú ìyá ọmọ tuntun ni. Ní ọjọ́ kejì tí mo délé, mo rí i tó gbé omi tó ń yọ èéfín wọlé, ó fi táwẹ̀lì kọ́ èjìká.

Ó ní, "Fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n fi omi gbígbóná tẹ ikùn yẹn kó lè wálẹ̀."

"Ìyá, wọ́n rán ikùn yìí ni o!"

"Mo mọ̀. Omi gbígbóná ló máa jẹ́ kó tètè san."

"Òwú ló wà níbẹ̀, Ìyá! Bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ìwọ̀nba tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi máa bá táwẹ̀lì jáde."

Ó bínú. Ó ní òun ti ń tẹ ikùn obìnrin kí wọ́n tó bí dókítà tó là mí, òun ò sì tíì rí èyí tó já. Ìjà náà le díẹ̀. Níkẹyìn a jọ fẹnu kò pé kó máa fi omi gbígbóná tẹ ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ mi, kó fi ikùn sílẹ̀ fún Ìbàdàn. Àràárọ̀ ló ń tẹ̀ mí, àràárọ̀ ló ń fún mi ní ẹ̀kọ gbígbóná àti ẹja tí ata rẹ̀ ń mú ojú ṣomi. Mi ò sọ fún un nígbà náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló mú mi sùn ju oògùn tí wọ́n kó fún mi lọ.

Oṣù mẹ́ta yẹn gùn. Gbogbo ohun tó wà nínú ilé ni mò ń fi wé kẹ́tùlù. Ìkòkò ọbẹ̀, ó wúwo ju kẹ́tùlù. Ọmọ orí odó, ó wúwo ju kẹ́tùlù. Bíbélì ńlá tó wà lórí tábìlì bàbá ọkọ mi, mo gbé e wò díẹ̀, mo tètè dá a padà. Àbíkẹ́yìn mi wúwo ju kẹ́tùlù mẹ́rin lọ. Ó máa ń wá dúró níwájú mi, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, mi ò sì ní lè gbé e. Ọjọ́ kan ó dúró títí, ọwọ́ rẹ̀ rọ, ó yíjú, ó lọ bá ìyá àgbà. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sunkún nígbà tí wọ́n là mí.

Ní ìta, ọ̀rọ̀ mi ti di ìtàn. Wọ́n ní obìnrin tí kò bá ti ní ilé ọmọ mọ́ ti di ọkùnrin. Ọkùnrin aláwàdà kan wà nínú ìjọ wa, oníyẹ̀yẹ́ gidi, tó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, á ṣí fìlà, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá." Mo sọ fún un pé bí mo bá jẹ́ ọkùnrin lóòótọ́, kó wá bá mi jìjàkadì, ṣùgbọ́n kó dúró di ìgbà tí oṣù mẹ́ta bá pé. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Èyí kò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ohun tí àwọn obìnrin ń sọ nígbà tí wọ́n bá rò pé mi ò gbọ́. Wọ́n ní inú mi ti ṣófo. Wọ́n ní ilé ọmọ ló ń gbé obìnrin ró bó bá ru ẹrù, pé ọjọ́ tí mo bá gbé agbọ̀n karí, gbogbo inú mi máa já wálẹ̀.

Ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, mo padà sí Ìbàdàn. Dókítà tẹ ikùn mi, ó wo ojú àpá náà, ó ní ó ti jiná. Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi. Ó ní, "Lọ ru ọsàn rẹ. Má kó ọsàn kún agbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n má dá a gbé nílẹ̀ o, jẹ́ kí ẹlòmíì máa bá ọ gbé e." Mo ní ẹni tó ń dá agbọ̀n gbé kò sí lọ́dọ̀ wa. Inú mi dùn débi pé mo kí gbogbo ẹni tó wà nínú mọ́tò láti Ìbàdàn dé Fìdítì, títí kan àwọn tó ń sùn.

Ó yẹ kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é, fún ẹni tí kò bá ru ẹrù rí. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ẹrù bá ti tóbi, ẹni tó bá ń kọjá ni wàá pè, ì báà jẹ́ àlejò tí o kò mọ̀ rí. Á dúró, á sọ tọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, á mú etí agbọ̀n kan, ìwọ á mú èkejì, ó di orí. Bí o bá débi tí ò ń lọ, ẹlòmíì á bá ọ sọ̀ ọ́. Ìgbà tí agbọ̀n bá ti wà lórí, ọrùn àti ẹ̀yìn ló gbà á, kò sí ìyọnu mọ́. Láti ilẹ̀ dé orúnkún, láti orúnkún dé àyà, ibẹ̀ ni ikùn ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹnìkejì ti ń gba èèyàn. Mi ò rí ẹni tí wọ́n fi èyí dù rí láyé mi, títí ó fi kàn mí.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo padà sóko, mo kó ọsàn sínú agbọ̀n, kò ju ìdajì lọ. Mo wé òṣùká mi, mo gbé e lé orí, mo pe obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ pé kó bá mi gbé e. Ó wò mí, ó wo agbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ọwọ́ tèmi kọ́ lẹ máa kú sí." Ó lọ. Èkejì ní ìbàdí ń dun òun. Ìbàdí yẹn kan náà ló fi jó níwájú mi nílé ìjọsìn lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Nígbà tó kan bàbá olóko fúnra rẹ̀, ó fi àdá sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Ọlọ́sàn, mo fẹ́ràn yín gan-an ni. Ṣé inú oko mi náà lẹ wá fẹ́ kú sí?" Mo da ọsàn náà padà sílẹ̀, mo gbé agbọ̀n òfìfo délé.

Ọkọ mi ní kí n má dààmú, ó ní òun á máa fi kẹ̀kẹ́ òun gbé e. Ó gbé e fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, kẹ̀kẹ́ wọ kòtò, ọkọ mi bọ́ sínú koríko, ọsàn ṣáájú rẹ̀ délé. Ó ní oko tirẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ ń dúró dè é. Mo ní kó lọ, kó fi mí sílẹ̀.

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọsàn ti pọ́n, àsìkò rẹ̀ ò ní pẹ́ tán. Mo mọ ohun tó ń bọ̀. Bí mi ò bá ru agbọ̀n yẹn kí àsìkò náà tó tán, mi ò ní rù ú mọ́ láyé. N ó di ara ẹrù ilé bí àga tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n fi ti ògiri, tí wọ́n ń sọ fún àlejò pé kó má jókòó lé e. Ẹ̀rù èyí bà mí ju ẹ̀rù abẹ lọ.

Nígbà tó yá ni mo gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ mi ni! Lẹ́yìn ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, ó ti dìde dúró, ó ní ẹni tó bá gbé ẹrù ru ìyàwó òun, kó yáa múra láti wá gbẹ́ sàréè rẹ̀. Mo bá a ní ìdí ààrò, mo sì pariwo mọ́ ọn, ohun tí mi ò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ.

"Ìyá, dókítà ní mo ti gbádùn! Kí lẹ fẹ́ kí n fi ayé mi ṣe?"

Kò pariwo padà. Ó ń kó igi iná mọ́ra. Ó ní, "O kò mọ àkọ́bí mi obìnrin. Kí o tó dé ilé yìí ló ti lọ. Ó bímọ, ọjọ́ méjìlá péré ni, ó ní ara òun ti le, òun fẹ́ lọ wá igi. A jọ lọ ni. Èmi ni mo gbé igi náà rù ú. A ò tíì délé tí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀." Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Ọwọ́ yìí ni mo fi gbé e. Mi ò ní gbé òmíràn, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíì gbé e."

Mo jókòó tì í. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n n ó sọ òtítọ́, inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ ru ọsàn mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo tún padà sóko láàárọ̀ ọjọ́ kẹta sí ìyẹn. Mo kó ọsàn sínú agbọ̀n dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, mo jókòó tì í lẹ́bàá ọ̀nà. Ọyẹ́ bo gbogbo ibẹ̀. Èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń yára. Mo ti jókòó títí ìdí mi fi kú kí n tó rí Ìyá Ọlọ́pẹ̀yìnbó tó ń bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo lápá. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀tá mi ni. Ọjọ́ tí mọ́tò bọ́ sí apá ọ̀tún, gbogbo àwa tí à ń ta èso ní etí títì sáré kọjá sí òdìkejì, nítorí ibẹ̀ ni mọ́tò Ìbàdàn á ti máa dúró láti ìgbà náà lọ. Igi ọdán kan wà níbẹ̀, ibòji rẹ̀ ò láfiwé. Mo ti gbé àpótí mi síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú kí n lè gba ibẹ̀. Nígbà tí mo dé, àpótí mi ti wà nínú oòrùn, Ìyá Ọlọ́pẹ̀yìnbó sì ti tẹ́ ọ̀pẹ̀yìnbó kárí ìdí igi. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà ò ṣe é kọ. Láti ìgbà yẹn, a kì í kí ara wa. Ó fi ọdún bíi mẹ́wàá jù mí lọ, síbẹ̀ mi ò kí i.

Ó kọjá mi. Ó dúró. Ó padà.

Ó ní, "Ta lò ń dúró dè?"

"Ẹni tó máa gbé e rù mí."

"Ṣé wọn ò gbé e rù ọ́ ni?"

"Wọ́n ní mo máa kú sí wọn lọ́wọ́."

Ó pòṣé gígùn kan. Ó gbé agbọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè. "Wé òṣùká rẹ dáadáa. Mú etí ibẹ̀ yẹn. Dúró ná, má fi ikùn gbé e. Orúnkún ni kí o tẹ̀, jẹ́ kí itan rẹ gbé e. Mí síta bí a bá ti ń gbé e lọ sókè."

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì Ìbàdàn sọ fún mi gan-an ló ń sọ. Mo fi etí agbọ̀n sílẹ̀. Mo ní, "Níbo lẹ ti gbọ́ ìyẹn?"

Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan lọ́nà. Ó ṣí bùbá, ó sún ìró rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Àpá kan wà níbẹ̀ tó ti ìdodo lọ sísàlẹ̀, tó ti ń dán, tèmi gẹ́lẹ́ àyàfi pé tirẹ̀ ti pẹ́.

Ó ní, "Ìgbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi. Wọ́n gbé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá, wọ́n yọ gbogbo ẹ̀. Ọdún kẹfà rèé. Ojoojúmọ́ ni mò ń ru ọ̀pẹ̀yìnbó níṣojú wọn."

"Wọn ò sì mọ̀?"

"Ta ni mo sọ fún? Ìwọ lo lẹ́nu. Ìwọ lo lọ ń sọ fún ayé pé wọ́n gbé ilé ọmọ jáde." Ó tún ìró rẹ̀ ró. "Bí o bá sọ tèmi fún ẹnikẹ́ni, n ó fi ọ̀bẹ ọ̀pẹ̀yìnbó gé ẹnu yẹn."

Mi ò sọ ọ́. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ darúgbó, ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn obìnrin tó bá fẹ́ lọ ṣe irú iṣẹ́ abẹ náà, á sì fi àpá hàn wọ́n láìtijú. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè kọ ọ́ síbí.

Ó mú etí kan, mo mú èkejì. Mo tẹ orúnkún, mo mí síta. Agbọ̀n kúrò nílẹ̀, ó dé orúnkún, ó dé àyà, ó gùn mí lórí. Mo dúró, mo ń retí kí nǹkan já. Kò sí ohun tó já. Ọrùn mi rántí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn mi nà. Mo bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ó ní, "Lọ. Wàá sọ̀ ọ́ láyọ̀."

Ìrìn yẹn, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Mi ò sáré, mi ò sì falẹ̀. Àwọn tó ti kọ̀ mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ fi oko sílẹ̀ wá wò mí. Obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń bẹ Ọlọ́run sókè. Mo ní kó fi Ọlọ́run sílẹ̀ kó gba ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń dí mi lọ́nà. Nígbà tí mo wọ ìlú, ọkùnrin aláwàdà yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà kan, fìlà rẹ̀ lórí. Ó rí mi, ó ṣí fìlà, ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó wá ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ọlọ́sàn." Mo ní, "Oṣù mẹ́ta ti pé o. Ìjàkadì wa ńkọ́?" Àwọn tó wà níbẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Mo dé etí títì, mo dúró, mo ní kí wọ́n bá mi sọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó mira. Ẹ̀rù tó bà wọ́n láti gbé e náà ló bà wọ́n láti sọ̀ ọ́. Mo dúró síbẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n, èèyàn yí mi ká, mo sì ń gbọ́ ìró bàtà kan tí mo mọ̀ dáadáa tó ń sáré bọ̀. Ẹnìkan ti lọ pe ìyá ọkọ mi.

Ó ya àárín èèyàn wọlé, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó máa lù mí. Ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ilẹ̀ tí mo dúró sí bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ ju eruku lọ. Ó wá na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó kúrú, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o, mo ní láti tẹ orúnkún fún un. Ó fi ìkánjú mú un débi pé ọsàn méjì já bọ́. A jọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lójú gbogbo èèyàn ló gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi níkùn.

"Kò dùn ọ́?"

"Kò dùn mí, Ìyá."

"Kò dùn ọ́ rárá?"

"Ebi ló ń pa mí."

Ó bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá rántí ìbínú rẹ̀. "Ta ló gbé e rù ọ́?" Mo ní Ìyá Ọlọ́pẹ̀yìnbó ni. Ariwo sọ. Gbogbo wọn mọ̀ pé a ń jà. Wọ́n ní ṣé ẹ rí i pé ó fẹ́ pa á ni, nítorí ìdí igi. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni òun náà yọ, agbọ̀n ọ̀pẹ̀yìnbó kún lórí rẹ̀. Ó dé ibi igi ọdán, ó dúró. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀ ọ́ fún un. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń wo títì bí ẹni tó ń ka mọ́tò.

Mo lọ bá a. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Mo mú etí agbọ̀n rẹ̀ kan. Ìyá ọkọ mi ní, "Má gbé e! Èyí ti pọ̀ jù!" ó sì sáré wá mú etí kejì. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sọ̀ ọ́. Ó wúwo ju tèmi lọ fíìfíì. Bí ó ti ń wálẹ̀, Ìyá Ọlọ́pẹ̀yìnbó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Orúnkún." Mo ní, "Mo gbọ́."

Wọ́n bi mí pé kí ló sọ. Mo ní ó ní kí n wá gbé àpótí mi sábẹ́ igi. Ó wò mí bí ẹni pé kó gé ẹnu mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ sọ? Ó pòṣé, ó sún ọ̀pẹ̀yìnbó rẹ̀ sápá kan. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí títí mo fi fi ọsàn títà sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo kó ọsàn sínú agbọ̀n tán tí mo gbójú sókè, ìyá ọkọ mi ló dúró níwájú mi nínú ọyẹ́. Kò wá sóko yẹn rí láti ọdún pípẹ́. Obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ti ń bọ̀ láti wá bá mi gbé e, ìyá ọkọ mi sọ fún un pé kó dúró. Ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó mú etí agbọ̀n kan, mo mú èkejì.

Ó ní, "Ṣé kí n gbé e?"

Mo ní, "Ẹ gbé e, Ìyá."

Ó gbé e.